Ẹni Tó Ń Jẹ Iwe Adìẹ Nílé Wa

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkọ mi, Ifágbèmí, kò sí adìẹ tí wọ́n pa nílé wọn l'Órin-Èkìtì tí ẹlòmíràn jẹ iwe rẹ̀. Kò tíì hu eyín tí wọ́n ti ń fi iwe sí i lẹ́nu kó máa fa omi rẹ̀ mu. Ìka ẹsẹ̀ ló fà á. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù gun èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ti bàbá-bàbá rẹ̀ rí kó tó kú. Ọjọ́ tí Yèyé, ìyá-bàbá rẹ̀, rí ìka yẹn lẹ́sẹ̀ ọmọ tuntun, ó figbe ta pé ọkọ òun ti padà wálé. Ọ̀rọ̀ parí. Baba ni gbogbo ilé ń pè é láti ìgbà náà, àwọn tó ti ń rìn kí wọ́n tó bí i sì ń kí i bí ẹni ń kí àgbà. Yèyé ń pè é ní ọkọ òun. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ lórí iná, Yèyé ni yóò kọ́kọ́ gbaná jẹ, àfi bíi pé orogún rẹ̀ ni mí.

Èmi ni Túnráyọ̀, ìyàwó ẹni tí mò ń sọ yìí. Èmi ni mo ń pa adìẹ, èmi ni mo ń tu ìyẹ́, èmi ni mo ń la iwe, tí mo ń gbọn òkúta inú rẹ̀ dànù, tí mo ń bó awọ rẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe ń dùn lẹ́nu. N ò ní parọ́ fún yín, ó ń dùn mí.

Ẹnì kan tún wà nílé náà tí ó yẹ kó dùn jù mí lọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Àrìnkẹ́. Nítorí pé mo bá a nílé, ọkọ ló jẹ́ fún mi, mi ò gbọdọ̀ dá orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni mo ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí n ó máa pe orúkọ rẹ̀ kó má baà rú yín lójú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi sọ ọ́ dé etí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó wá padà sílé bàbá rẹ̀, ó ń yan gàrí lẹ́yìn ọjà. Ẹsẹ̀ adìẹ ni wọ́n máa ń fún un. Ó máa ń jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò ráhùn rí.

Baba Àgbà tí wọ́n ní ó padà wálé yìí kò dàgbà púpọ̀ kó tó kú. Inú ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó ń rù, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní kó yé mu ṣúgà. Ó yé mu ṣúgà, ó sì kú. Ọmọ rẹ̀, bàbá ọkọ mi, kò ní ìnira inú kankan. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kéré: Ifágbèmí, Olúṣọlá àti Àrìnkẹ́.

Olúṣọlá yìí ló pè wá láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. A gbé fóònù sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ.

"Jẹjẹrẹ inú ìfun ni wọ́n bá lára mi," ó ní. "Ẹ má sunkún, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n dókítà ní àrùn ìdílé ni. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní jíìnì, ó ti yí padà. Láti ọ̀dọ̀ Baba Àgbà ló ti ń bọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì tó kù, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù n'Ídòó."

Yèyé na etí. "Ìsí?"

"Baba Àgbà, Yèyé. Ọkọ yín."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ọkọ mi. Bí àrùn bá jẹ́ ti Baba, tí Baba sì ti padà wálé, ta ni yóò wá ru ẹrù Baba bí kò ṣe Baba fúnra rẹ̀? Ẹnì kan béèrè pé báwo ló ṣe wá dé ara Olúṣọlá. Yèyé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Olúṣọlá jí iwe Baba jẹ nígbà kan tó wà lọ́mọdé, òun sì ti ń sọ láti ìgbà náà pé ohun tó jẹ kò ní dà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n parí ìpàdé sí. Kò kan Àrìnkẹ́ rárá, ẹsẹ̀ adìẹ ni ó ń jẹ.

Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ mi ti dùbúlẹ̀. Ẹni tó jẹ iyán ẹni mẹ́ta lọ́sàn-án! Ó ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń rìn nínú ìfun òun. Mo ní iyán ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti ń wọlé wá kí i, ó ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ròyìn àìsàn fún wọn, ó sì ń dárí ji gbogbo ayé. Ó dárí ji ọkùnrin tó gba ààlà oko kòkó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dárí jì mí, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ júwe ibi tí a ó sin òun sí fún wa, lábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Baba Ìmọ́lẹ̀," mo ní, "abẹ́ igi ọsàn yẹn ni mo ń sá aṣọ sí o."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó yí ojú sí ògiri.

Mò ń fi ṣẹ̀fẹ̀ báyìí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí gidi. Bí ohun tí Olúṣọlá wí bá wà lára bàbá Ìmọ́lẹ̀, ó lè wà lára Ìmọ́lẹ̀, àkọ́bí wa, àti àwọn àbúrò rẹ̀. Bí mo bá ti rí wọn tí wọ́n ń sáré káàkiri àgbàlá, omi á lé ròrò sí mi lójú. Mo ti pinnu pé àyẹ̀wò yẹn, ọkọ mi yóò ṣe é, bó di pé mo gbé e pọ̀n.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni mo wà lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra gàrí lọ́wọ́ Àrìnkẹ́. Mo bá a lẹ́yìn àdògàn tó ń gbé ìgò kan sẹ́nu. Ó yára fi í pamọ́ sábẹ́ ìró. Ìró náà tìkára rẹ̀ ni mo wá kíyè sí. Èyí tó máa ń fún mọ́ ọn nídìí tẹ́lẹ̀ ti ń yí i ká bí ìgbà tí ọmọdé ró aṣọ ìyá rẹ̀.

"Adúmáadán, kí ni ẹ ń mu?"

"Àgbo ni, ìyàwó."

"Àgbo kí ni?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. Mo ti yé mu ṣúgà."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo sì mọ ibi tó gbé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dé. Mo béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ń ro gàrí lọ. Lẹ́yìn náà ló ní díẹ̀ ni, ó ti ń lọ ó ti ń bọ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú mi búra. "Baba ló ń ṣàìsàn," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí á gbájú mọ́ Baba."

Mo búra. Ṣùgbọ́n mi ò búra pé n ò ní lo ọgbọ́n. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi fẹ́ lọ s'Ídòó fún àyẹ̀wò, mo ní n ò lè dá gbé Baba àti fúláàsì oúnjẹ Baba àti ìrọ̀rí Baba, kí Àrìnkẹ́ bá wa gbé nǹkan. Ó tẹ̀ lé wa.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà náà, Fúnmilọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Kó tó sọ nǹkan kan, ọkọ mi ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sí i lórí tábìlì pé kó wo ìka náà. Dókítà wò ó dáadáa. Ó ní ìka tó dára ni, kí Baba jọ̀wọ́ wọ bàtà wọn. Ó wá kọjú sí mi, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní ẹ̀wà ni mò ń sè tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

"Ẹ kì í ṣà á kí ẹ tó sè é, mà?"

"Ha! Ṣé mo fẹ́ kí eyín ọmọ ọlọ́mọ kán ni?"

"Ó dára. Ojoojúmọ́ ni ara wa ń ṣe ara tuntun dípò èyí tó ti gbó. Bó ṣe ń ṣe é ni àṣìṣe ń bọ́ sí i, bí òkúta ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ara tó ń ṣà á. Jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ló bà jẹ́ nínú ìdílé yín. Tí òkúta bá ń wọlé tí ẹni tó yẹ kó ṣà á kò ríran dáadáa, bó pẹ́ bó yá, ó lè di jẹjẹrẹ, pàápàá nínú ìfun."

Ó yé mi yékéyéké. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ò ṣa ẹ̀wà níbẹ̀.

Ọkọ mi ní kí dókítà má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ọ̀dọ̀ òun ló wà, bàbá òun kò ní in. Dókítà ní ó ní in, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìbá gbà dé ara Olúṣọlá. Ọ̀pẹ ni kò jẹ́ kó pẹ́ láyé débi tí àrùn náà yóò fi fara hàn. Ó ní ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bí, bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò ni. Èyí tó dára àti èyí tó bà jẹ́ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ni yóò mú, kò sì sí ẹni tó ń wojú kó tó mú un. "Jíìnì kì í wo ìka ẹsẹ̀," ó ní. Nítorí náà, òun yóò gba ẹ̀jẹ̀ Àrìnkẹ́ pẹ̀lú.

Ó dun ọkọ mi. Ó ní ṣé gbogbo ènìyàn náà ni yóò wá máa ṣe àyẹ̀wò ni? Dókítà bi Àrìnkẹ́ bóyá ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní rárá. Mo wúkọ́. Ó wò mí. Mo tún wúkọ́, dókítà wá fún mi lómi mu.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kí wọ́n tó pè wá. Dókítà ní òun fẹ́ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nílé tiwa, kò sí ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ gbọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wọlé.

"Baba, ẹ kú oríire. Kò sí lára yín."

"Kí ni kò sí?" ni ọkọ mi wí.

"Jíìnì náà. Èyí tó dára lẹ mú. Kò lè dé ara àwọn ọmọ yín náà láti ọ̀dọ̀ yín."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àga tí dókítà jókòó lé. Ìmọ́lẹ̀ mi! Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi ti fajúro.

"Ẹ tún un wò," ó ń sọ fún dókítà. "Ó ní láti wà níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

Dókítà ní wọ́n ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọra kọjú sí Àrìnkẹ́. "Ẹ̀yin ni ó wà lára yín, mà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ní jẹjẹrẹ o. Ṣùgbọ́n a ní láti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí wo inú ìfun yín. Ohunkóhun tó bá ń hù níbẹ̀, a ó gé e kó tó bà jẹ́."

"Ibo ni rọ́bà náà yóò gbà wọlé?"

Dókítà sọ ibi tí yóò gbà fún un.

Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kò dùn létí. "Ẹsẹ̀ adìẹ ni mo ń jẹ láti kékeré," ó ní. "Wọn ò pè mí ní Baba, wọn ò dìde fún mi, wọn ò fi iwe hàn mí. Òní tó wá di àìsàn ni wọ́n rántí pé ọmọ Baba ni mí? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń ru igbá rẹ̀ délé. Kí ẹni tó jẹ iwe lọ bọ́ṣọ fún kámẹ́rà."

Mo da ìbúra mi. "Dókítà," mo ní, "ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀."

Ojú dókítà yí padà. Ó ní kó wá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kó má ṣe jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n Àrìnkẹ́ ti dìde. Kí n tó jáde síta, ó ti gun ọ̀kadà lọ.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ níbi gàrí, ó ń ro gàrí. Olúṣọlá pè é láti Ìbàdàn, ó sunkún sí i létí, Àrìnkẹ́ ní ó dìgbóṣe. Mo rò ó títí. Ohun tí Àrìnkẹ́ sọ kì í ṣe irọ́. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó dùn ún ni olórí ọ̀rọ̀, mo sì mọ ibi tó ti ń dùn ún nítorí ó ti dun èmi náà. Lọ́jọ́ Sunday, mo pa àkùkọ kan, mo ní kí Yèyé ránṣẹ́ pe gbogbo ilé wá jẹun.

Mo bu oúnjẹ. Ọkọ mi ṣí àwo tirẹ̀, ó fi ṣíbí tú u, ó wo abẹ́ iyán. Ẹsẹ̀ adìẹ ló bá níbẹ̀.

"Ìyá Ìmọ́lẹ̀, o ti ṣi àwo gbé."

"Mi ò ṣì í gbé," mo ní. Mo gbé àwo mìíràn kalẹ̀ níwájú Àrìnkẹ́. Iwe náà jókòó gbangba sórí ọbẹ̀. "Àrùn Baba kò sí lára Baba Ìmọ́lẹ̀, ara Adúmáadán ló wà, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára wọn. Ilé yìí ló sọ pé ẹni tó ni àrùn Baba ló ni Baba. Ẹni tó ni Baba ló ni iwe. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi kọ́."

Ẹ wá gbọ́ ariwo! Ọkọ mi ní mo fẹ́ gba adé lórí òun. Àrìnkẹ́ ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ò jẹ. Yèyé ló na ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Àrìnkẹ́," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ìyá arúgbó náà dìde. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Àrìnkẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ń sọ fún yín pé unú ló pa ọkọ mi," ó ní. "Éè ṣe unú. Mo mú un lọ ulé ùwòsàn nígbà náà. Dókítà òyìnbó ní kó bọ́ ṣòkòtò, kó tẹ̀ba, kí òun wo ùdí rẹ̀. Ó ní rárá, a kì í wo ùdí Baba. Ó so ṣòkòtò rẹ̀ le, ó fẹsẹ̀ rìn wá ulé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti yé mu ṣúgà. Ùtìjú ló pa á, àìsàn kàn ràn án lọ́wọ́ ni."

Ó mú ọwọ́ Àrìnkẹ́, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní fún un. "O padà wá ulé tán, o tún fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lọ? N ò ní ṣe opó rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí, wàá bọ́ ṣòkòtò!"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Àrìnkẹ́ bú sẹ́kún, ó gbé orí lé èjìká Yèyé, ó ń sunkún bí ọmọdé, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, a ń nu ojú. Ó ní òun yóò lọ. Mo rántí ohun tí dókítà sọ nípa àpò, pé kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, n ò jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi.

"Yèyé," ni ọkọ mi wí láti ìdí ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀, "èmi wá ńkọ́? Ta ni mí?"

Yèyé wò ó, láti orí dé ìka ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ifágbèmí ni ọ́."

Kò pe orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń yí ẹsẹ̀ adìẹ náà padà lọ́wọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Wọ́n fún Àrìnkẹ́ ní omi oògùn kan mu lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò ìfun náà, kí ìfun rẹ̀ lè mọ́. N ò ní ròyìn ọjọ́ náà. Kí n ṣáà sọ pé kò sí ẹlòmíràn tó rí ilé ìgbẹ́ lò, Yèyé sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń kì í ní oríkì ọkọ rẹ̀.

L'Ídòó, mo dúró síta títí dókítà fi jáde. Ó ní àwọn nǹkan kan ti ń hù níbẹ̀ bí olú, èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sì ti tóbi. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀. Wọn yóò tún wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n lójú òun, kò tíì di jẹjẹrẹ. Ó ní bí a bá pẹ́ sí i ni, ohun mìíràn ni à bá máa sọ. Kó máa wá lọ́dọọdún, kí ọmọ rẹ̀ Bólúwatifẹ́ náà sì ṣe àyẹ̀wò bó bá dàgbà. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo jẹ́ kí omi ojú mi máa dà.

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà kan fi já ọkọ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé fúláàsì dání, ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ irun orí rẹ̀. Ẹni tí kò pa adìẹ rí láyé rẹ̀! Ó bá mi wọlé lọ síbi tí Àrìnkẹ́ jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fúláàsì náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú àwọn nọ́ọ̀sì.

"Baba," ó ní, "ẹ jẹun."

Àrìnkẹ́ wò mí. Mo wo òkè. Ó mú iwe náà, ó jẹ ẹ́, ohun kan sì ró kakaka lẹ́nu rẹ̀. Ó tu ú sọ́wọ́. Òkúta ni. Ọkọ mi ti se iwe náà láì là á, tòun ti òkúta tòun ti awọ.

Ojú tì í. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣà á," ó ní.

Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó gba iwe náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ṣa òkúta inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ṣa ibì kan mọ́, á já a fún àbúrò rẹ̀, á sì tún máa ṣa èyí tó kù. Àrìnkẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Kò ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni.